Ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ létí odò: ẹ kọ́kọ́ bi omi léèrè

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ létí odò di ilé gbígbé tàbí ọgbà ìgbafẹ́, erùpẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń wà lára. Báwo ni ìdọ̀tí náà ṣe jìn tó? Tọ́ọ̀nù mélòó la máa kó? Ibo la máa dà á sí? Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ nínú irú iṣẹ́ yìí tí mo ti bá wọn dá sí, ipò kejì ni mo máa ń fi wọ́n sí. Omi ló gba ipò kìíní. Májèlé tó jókòó sínú ilẹ̀ gbígbẹ lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, bí wọn ò bá ṣáà ti wa ilẹ̀ náà. Létí odò, omi kì í jẹ́ kó jókòó. Ó ń gbé e lọ sínú odò, ó ń gbé e padà bọ̀ nígbà tí odò bá kún, ó sì ń tì í gba ibikíbi tí ó bá rí àyè. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí mo rí tó ṣòfò lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ náà gbẹ ló ṣòfò sí.

Kí ẹ tó pe ẹlẹ́rọ ìwalẹ̀, ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ rí, nítorí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní májèlé tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fi èédú ṣe gáàsì, ọ̀dà èédú, bẹ́ńsíìnì, náfítálíìnì àti sáyánáìdì lẹ máa bá. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, kurómíọ̀mù àti ásẹ́níìkì. Níbi tí wọ́n ti ń rẹ pákó sínú oògùn kí ikán má baà jẹ ẹ́, kíríósóòtù, bàbà, àti kurómíọ̀mù pẹ̀lú ásẹ́níìkì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe máa ń ní òjé láti inú ọ̀dà àtijọ́, bàbà àti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Níbi tí tìráńsífọ́mà bá jókòó sí rí, ẹ wá PCB, kẹ́míkà inú epo tìráńsífọ́mà àtijọ́. Níbi tí wọ́n ti ń fi kẹ́míkà nu gírísì kúrò lára irin, ẹ wá TCE, èyí tó jẹ́ pé òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù létí odò. Màá padà sórí ìyẹn.

Ẹ kó àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ jọ, ti ìjọba, ti àwọn adójútòfò, àti èyí tí wọ́n yà láti òfuurufú, kí ẹ tò wọ́n léra lórí kọ̀ǹpútà ní ọdún dé ọdún. Ibi tí ilé àti táǹkì wà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni ibi tí etí odò wà nígbà náà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, etí odò tòní kọ́ ni ti àná: eérú, ìdàrọ́ irin, bíríkì fífọ́ àti pàǹtí ni wọ́n fi kún un bọ̀ sínú omi. Ilẹ̀ àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ lè ní òjé àti ásẹ́níìkì káàkiri, kódà níbi tí ilé-iṣẹ́ kankan ò dé rí. Ohun kejì ni gọ́tà àtijọ́. Gọ́tà oníbíríkì tó ti rì sínú ilẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí sí odò, lè máa gbé ọ̀dà jáde nígbà tí erùpẹ̀ tó yí i ká mọ́ tónítóní. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì sì mọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan: ibi tí wọ́n ń da epo àlòkù sí nígbà tí ọ̀gá kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rìn létí omi nígbà tí odò bá fà tó sì lọ sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán ní àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi, ẹ mú igi kékeré, kí ẹ fi là á láàárín. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, tí àwọn ègé náà sì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kòkòrò tín-ín-tìn-ìn inú ẹrẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe epo. Bó bá pínyà tó tún ṣàn padà pàdé ara rẹ̀, epo ni, ẹ sì sàmì sí ibẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe gáàsì, ẹ wo ara bíríkì àti pákó tó wà nílẹ̀: àwọ̀ búlúù tó ki bí aró ń sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n da ìyẹ̀fun irin tí wọ́n fi ń sẹ́ gáàsì sí, sáyánáìdì tó ti so mọ́ irin ló wà nínú rẹ̀. Òórùn káńfọ̀, náfítálíìnì nìyẹn. Ẹ má fi imú wá a o, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ imú yín, ẹ kọ ibi àti aago sílẹ̀.

Gbígbẹ́ ihò

Hẹ́kítà kan, bí ihò bá jìnnà síra ní mítà 25, ihò 16 ni. Ní mítà 10, ó di 100. Àárín méjèèjì ni àríyànjiyàn owó máa ń wà, àwọn ènìyàn kì í sì í ṣírò ohun tí àlàfo náà lè fojú fò. Ìṣírò náà kò le. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò ní ìlà onígun mẹ́rin, tí ẹ fẹ́ ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún pé ẹ máa kan ojú májèlé tó rí roboto, ẹ wọn ojú náà láti àárín dé etí, kí ẹ fi 0.59 pín in. Èyí tó jẹ́ mítà 5 láti àárín dé etí ń fẹ́ àlàfo mítà 8.5. Àlàfo mítà 25 kò lè ṣèlérí ohun tó bá kéré sí bíi mítà 15 láti àárín dé etí, ibi tí táǹkì kan ti jò sì lè má fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, mo máa ń fi àlàfo gbígbòòrò sílẹ̀ fún ilẹ̀ tí a ò fura sí, màá wá kó ihò jọ sídìí gbogbo táǹkì, kòtò, tìráńsífọ́mà àti gọ́tà tí àwòrán àtijọ́ fi hàn.

Ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì réédíò wo abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dábàá fún wíwá táǹkì. Nínú amọ̀ àti níbi tí omi oníyọ̀ bá dé, ìgbì náà kì í lọ jìnnà, àwòrán rẹ̀ á kàn dà rú ni. Ẹ̀rọ tó ń wá irin náà máa ń ṣi ìdàrọ́ mú fún táǹkì. Katapílà kékeré tó gbẹ́ kòtò gígùn tó jìn tó mítà 3, tí ẹni tó mojú ilẹ̀ dúró lókè rẹ̀, ló máa ń sọ òótọ́ kíákíá. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú kòtò náà.

Májèlé tó ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́, bíi bẹ́ńsíìnì àti TCE, ní ìlànà tirẹ̀. Kí ẹ má po erùpẹ̀ ihò mẹ́ta pọ̀ sínú ọ̀rá kan láti fi dín owó àyẹ̀wò kù. Bí ẹ ṣe ń pò ó ni ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n ń lọ. Ẹ gé erùpẹ̀ náà láti inú páìpù ìgbẹ́lẹ̀ ní kété tó jáde, ẹ jù ú sínú ìgò tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ti wà. Ti omi, ìgò mílílítà 40 ni, ẹ kún un títí tí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ kankan lókè; bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò tí ẹ rí ìfófó, ẹ dà á nù kí ẹ bù ú tuntun. Ẹ gbé e sínú yìnyín, ní bíi ìwọ̀n 4 lórí Celsius, kó sì dé ibi àyẹ̀wò kí gbèdéke rẹ̀ tó kọjá: ọjọ́ 14 ni fún omi tí ẹ fi ásíìdì sí.

Kànga àyẹ̀wò ni ọkàn iṣẹ́ náà. Páìpù oníke tó fẹ̀ ní mílímítà 50 ló wọ́pọ̀: apá ìsàlẹ̀ tó ní ojú tín-ín-rín, yanrìn tí wọ́n ti sẹ́ yí i ká, bẹ́ńtónáìtì, amọ̀ tó ń wú bí omi bá kàn án, lórí yanrìn náà kí omi òkè má baà ṣàn wọlé, símẹ́ńtì lókè. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà ni bí apá olójú náà ṣe gùn tó. Bó bá gùn ní mítà 6, omi mímọ́ àti omi tó dọ̀tí á dà pọ̀ nínú rẹ̀, èsì á sì dára ju bí ilẹ̀ ṣe rí lọ. Mi ò kì í fẹ́ kó ju mítà 3 lọ. Epo tó fúyẹ́ ju omi lọ ń léfòó, nítorí náà ojú páìpù gbọ́dọ̀ la ojú omi já, nígbà tí odò bá kún àti nígbà tó bá fà. Bí odò bá kún bo gbogbo ojú páìpù mọ́lẹ̀, epo ò ní rí ibi wọlé, ẹ ó sì kọ̀wé pé kò sí epo. TCE ní tirẹ̀ wúwo tó ìlọ́po 1.46 omi. Ó ń rì, á gba inú yanrìn sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi kan amọ̀, á wá máa yọ̀ tẹ̀ lé ìdagẹ̀rẹ̀ amọ̀ náà, kódà bí omi bá ń ṣàn sí ọ̀nà mìíràn. Kànga tí wọ́n gbẹ́ débi ojú omi nìkan kò lè rí i láéláé. Ẹ gbé ojú páìpù jókòó sórí amọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má lu amọ̀ náà já. Ihò tó lu amọ̀ já láìní páìpù ìdáàbòbò ló ń gbé májèlé lọ sínú omi tó jìn, tó jẹ́ pé kò dọ̀tí tẹ́lẹ̀.

Odò tó ń kún, odò tó ń fà

Níbi tí òkun bá ń ti odò, ìwọ̀n omi kànga tí ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀kan kò wúlò. Láàárọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn lọ sódò. Lọ́sàn-án, odò ń ṣàn wọ ilẹ̀. Mo ti rí àwòrán ìṣàn omi tí wọ́n yà pẹ̀lú ìwọ̀n kànga mẹ́wàá tí wọ́n fi odindi ọjọ́ kan rìn yí ká láti wọ̀n, ọfà orí rẹ̀ sì dojú kọ ìgboro. Odò ti gòkè láàárín kànga àkọ́kọ́ àti ìkẹwàá ni, ilẹ̀ kọ́ ló dagẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ fi ẹ̀rọ aláfipamọ́ sínú kànga kọ̀ọ̀kan àti sínú odò fúnra rẹ̀, kó máa wọn omi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fún ọjọ́ 15 ó kéré tán, kó lè rí ìgbà tí òkun kún jù àti ìgbà tó rọlẹ̀ jù nínú ìdajì oṣù. Bí ọ̀nà bá há, ìwọ̀n wákàtí 71 léraléra ni wọ́n fi ń ṣe ìṣírò àárín tó ń yọ kíkún àti fífà odò kúrò. Ẹ wọn iyọ̀ inú omi náà. Ó ń fi hàn yín bí omi odò ṣe ń wọlé jìnnà tó. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bu omi kànga tó wà lẹ́bàá odò fún àyẹ̀wò, ẹ bù ú nígbà tí odò ti fà tán, nítorí ìgbà yẹn ni omi ilẹ̀ ń jáde. Bí wọ́n bá bù ú nígbà tí odò kún, omi odò ni wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò, èsì tó dùn mọ́ni á sì jáde.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń da àwọn olówó rú. Bí omi bá lọ sílẹ̀, epo tí ẹ rí nínú kànga máa ń nípọn sí i; bó bá gòkè, á fẹ́lẹ́. Epo kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Ẹ má sanwó fún agbaṣẹ́ṣe ìfaepo nítorí pé epo kànga ti fẹ́lẹ́ lásìkò òjò.

Ìwẹ̀nùmọ́, àti ibi tó ti ń bàjẹ́

Kíkó dànù ló rọrùn láti lóye. Hẹ́kítà kan tó jìn ní mítà 2 jẹ́ 20,000 mítà onígun mẹ́ta. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.8, tọ́ọ̀nù 36,000 ni: típà 1,800 tó ń gbé tọ́ọ̀nù 20. Típà tó tó bẹ́ẹ̀ náà ló máa kó erùpẹ̀ mímọ́ wá dí kòtò. Ìyẹn ò tíì ka omi. Kòtò tó jìn ní mítà 2 létí odò, inú omi ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà, omi tí ẹ bá fà jáde níbẹ̀ ti dọ̀tí: ó gbọ́dọ̀ kọjá nínú táǹkì tí ẹrẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ya epo kúrò lára omi, àti àgbá èédú àsẹ́ méjì tó tò tẹ̀ léra kí ó tó padà sódò. Méjì ni mo sọ, nítorí nígbà tí èédú àgbá kìíní bá kún, ìkejì ló máa gbà yín sílẹ̀ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ka ìwé ẹnubodè yín pọ̀ mọ́ ìwé ibi ìdalẹ̀sí lójoojúmọ́. Típà tó jáde tí kò dé ibẹ̀ ti lọ da májèlé yín síbòmíràn, orúkọ yín ló sì wà lára rẹ̀.

Fífọ erùpẹ̀ níbẹ̀ máa ń dín típà kù. Ní London, ní àfonífojì odò Lea tí wọ́n sọ di ọgbà ìdíje Òlíńpíìkì 2012, ẹ̀rọ ìfọ-erùpẹ̀ ni wọ́n gbé dé ibi iṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n wà jáde sì padà sínú ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ju pé ó ń ya yanrìn àti òkúta kúrò lára ẹrẹ̀, torí ara ẹrẹ̀ ni májèlé ń lẹ̀ mọ́. Bí ẹrẹ̀ àti amọ̀ bá ti ju bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ohun tó kù láti kó dànù á pọ̀ débi pé èrè iṣẹ́ náà á run. Etí odò sì rèé, ẹrẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ẹ sẹ́ erùpẹ̀ ihò yín kí ẹ tó háyà ẹ̀rọ.

Símẹ́ńtì tí wọ́n pò mọ́ erùpẹ̀ ń di òjé àti àwọn irin mìíràn mú dáadáa. Ọ̀dà èédú kì í jẹ́ kó gan. Ẹ po díẹ̀ nínú garawa níbi àyẹ̀wò, ní ìwọ̀n símẹ́ńtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ dúró fún ọjọ́ 28, kí ẹ wo bó ṣe le tó àti ohun tí omi ń rẹ̀ jáde lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹfun jíjó dípò símẹ́ńtì, ooru rẹ̀ á lé bẹ́ńsíìnì àti náfítálíìnì sínú afẹ́fẹ́, àwọn aládùúgbò ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ti TCE ni mo ní kí ẹ fara balẹ̀ sí. Wọ́n lè fún kẹ́míkà bíi pọtásíọ̀mù pamánígánéètì sínú ilẹ̀ kó jẹ ẹ́ run. Ẹrẹ̀ odò kún fún ewé àti igi jíjẹrà, àwọn yẹn á jẹ kẹ́míkà náà kí TCE tó fojú kàn án. Ẹ wọn ìwọ̀n tí ilẹ̀ lásán máa jẹ ná, ó lè ju ti májèlé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí kurómíọ̀mù bá wà níbẹ̀, kẹ́míkà náà tún lè sọ ọ́ di irú tó burú, tó ń bá omi rìn. Omi aláwọ̀ àlùkò tó sì yọ létí odò kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi epo ẹ̀fọ́ bọ́ kòkòrò inú ilẹ̀ kí wọ́n jẹ TCE náà. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpele-ìpele ni: TCE á di DCE, DCE á di fáínì kílóráìdì, kó tó wá di ohun tí kò léwu mọ́. Irú kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Dehalococcoides ló ń parí rẹ̀. Bí kò bá sí nínú ilẹ̀ yín, tàbí tí iyọ̀ òkun bá kó sọ́fétì wọlé tí àwọn kòkòrò mìíràn ń bá a du oúnjẹ, iṣẹ́ á dúró sórí fáínì kílóráìdì, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ju ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mú àwòrán wá pé TCE ti lọ sílẹ̀, ẹ bi í léèrè nípa àwọn méjì tó kù. Mẹ́táànù, gáàsì tó ń gbiná, náà máa ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kọ́lé.

Ògiri ìdènà lábẹ́ ilẹ̀ wọ́pọ̀ létí odò: kòtò tó fẹ̀ ní sáǹtímítà 60 sí 90 tí wọ́n fi bẹ́ńtónáìtì kún, tí ìdí rẹ̀ wọ inú amọ̀ tó bíi mítà kan. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Omi iyọ̀ máa ń jẹ́ kí bẹ́ńtónáìtì ṣùpọ̀, ògiri á wá máa jò. Ẹ fi omi odò náà gan-an dán àpòpọ̀ wò, omi ẹ̀rọ kọ́. Èkejì, òjò kò dúró nítorí pé ẹ mọ ògiri. Omi á ga lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi gba ẹ̀gbẹ́ yí ká tàbí kó wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé aládùúgbò. Ògiri tí kò ní ẹ̀rọ ìfami, tàbí ẹnu ọ̀nà tó ní ìyẹ̀fun irin tí omi lè gba inú rẹ̀ mọ́ kọjá, ìdajì iṣẹ́ ni.

Ìbòrí àti ilé

Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà kò ní kúrò. Wọ́n á fi erùpẹ̀ mímọ́ bò ó ni, sáǹtímítà 60 sí mítà kan, pẹ̀lú aṣọ oníke aláwọ̀ ọsàn lábẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ iwájú mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mi ò ní ìṣòro pẹ̀lú ìyẹn. Àmọ́ mítà kan erùpẹ̀ ń gbé bíi tọ́ọ̀nù 1.8 sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ògiri èbúté àtijọ́ tó wà létí odò kò mọ̀ pé ẹrù tuntun ń bọ̀. Àwọn ògiri bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ọ̀pá irin tó fà wọ́n sẹ́yìn, tó so mọ́ ìdákọ̀ró kan nínú ilẹ̀, ní mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. Katapílà tó ń kó erùpẹ̀ dídọ̀tí lè gé ọ̀pá náà láìmọ̀, ògiri á sì dà sódò pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá àwọn ọ̀pá wọ̀nyẹn kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun.

Páìpù omi mímu ni ohun kékeré tí mo máa ń tẹnu mọ́ títí tí yóò fi sú àwọn ènìyàn. Bẹ́ńsíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń gba ara páìpù oníke wọlé, láìsí ihò, láìsí jíjò. Ní Lekkerkerk, nílẹ̀ Netherlands, létí odò Lek, wọ́n kọ́ àdúgbò tuntun ní àwọn ọdún 1970 sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti da àgbá kẹ́míkà sí. Nígbà tó di 1980, kẹ́míkà ti dé inú omi ẹ̀rọ, ìjọba sì ní láti kó àwọn ìdílé tó ń gbé ibẹ̀ kúrò. Ẹ lo páìpù tó ní ìpele alumíníọ̀mù nínú ara rẹ̀, tàbí ti irin tí rọ́bà oríkèé rẹ̀ lè fara da epo. Kí ẹ sì gbẹ́ kòtò páìpù tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ fi yanrìn mímọ́ kún un, kí páńbá tó bá wá tún un ṣe má baà fi ọwọ́ kan erùpẹ̀ àtijọ́. Ẹ dí kòtò náà pẹ̀lú amọ̀ ní àlàfo-àlàfo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yanrìn yẹn á di odò kékeré tó ń gbé májèlé káàkiri àdúgbò.

Lábẹ́ ilé, gáàsì. Mẹ́táànù ń bú gbàù nígbà tó bá wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́; TCE kò ní bú, ṣùgbọ́n ó ń pani lára níwọ̀n tí imú kò lè gbọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ sáǹtímítà 15 pẹ̀lú páìpù olójú tó gòkè kọjá òrùlé, ọ̀rá ìdènà lórí rẹ̀, kọnkéré lórí ọ̀rá. Ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ti dán wò fún kẹ́míkà náà gan-an, ọ̀rá lásán kò dá TCE dúró. Ohun tó ń bà á jẹ́ kò kan ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: bàtà àwọn tó ń so irin, àti ibi tí páìpù ṣaláńgá gbà kọjá. Ẹ fẹ́ èéfín sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré, kí ẹ wo ibi tó ti ń yọ. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ á sì rì lẹ́yìn ìkọ́lé nígbà tí ilé tó dúró lórí òpó ìpìlẹ̀ kò ní rì. Oríkèé páìpù tí kò lè tẹ̀ á já, á sì ya ọ̀rá náà. Òpó ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ lè lu amọ̀ já kí májèlé tẹ̀ lé ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mo fara mọ́ òpó tó ń ti erùpẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì fún mọ́ ọn pinpin, ju èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀ láìní páìpù ìdáàbòbò lọ.

Omi òjò kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ náà. Àwọn tó ń yàwòrán ọgbà fẹ́ràn kòtò tí òjò ń rọra mu sínú ilẹ̀. Lórí májèlé, ẹ tẹ́ ọ̀rá sídìí rẹ̀ kí ẹ sì darí rẹ̀ lọ sódò. Ní Duisburg, nílẹ̀ Jámánì, níbi tí ilé ìyọ́rin kan ti kógbá sílé ní 1985, ọgbà tí Peter Latz yàwòrán rẹ̀ ti omi ìdọ̀tí sínú páìpù abẹ́ ilẹ̀, òjò mímọ́ ló ń gba ojú ipa odò àtijọ́ kọjá.

Ìsàlẹ̀ odò

Iye ìgbà tí mo rí ìwé iṣẹ́ tí ààlà rẹ̀ parí síbi ògiri èbúté kò ṣeé kà. Ọ̀dà kò mọ ààlà. Gas Works Park ní Seattle, níbi tí wọ́n ti ṣe gáàsì láti 1906 sí 1956, ti di ọgbà láti 1975, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ni wọ́n ń jíròrò lé lórí. Nínú odò Hudson, láti 2009 sí 2015 ni wọ́n fi ń hú ẹrẹ̀ tó ní PCB.

Ẹ kọ́kọ́ dí orísun tó wà lórí ilẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ odò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó hú u lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ tí wọ́n ń ta sínú omi láti dá ẹrẹ̀ dúró wúlò níbi tí omi bá rọ̀. Níbi tí ìṣàn bá le, á léfòó sókè bí ẹrẹ̀ ṣe ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ, irin tí wọ́n gbá wọlẹ̀ nìkan ló lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ dúdú tí ẹ kó sókè léwu lọ́nà mìíràn tí kò kan ilé-iṣẹ́: nínú ọ̀pọ̀ ẹrẹ̀ ibi tí odò ti pàdé òkun, imí ọjọ́ àti irin wà pọ̀ lábẹ́ omi. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, á di ásíìdì, ásíìdì á sì tú àwọn irin mìíràn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù tàbí kí ẹ po ẹfun mọ́ ọn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìdí ìbòrí létí omi ni odò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Òkúta ńlá tó wà níbẹ̀, fún ìṣàn ìgbà ẹ̀kún ni kí wọ́n ṣírò rẹ̀, kí àsẹ́ òkúta kéékèèké sì wà lábẹ́ rẹ̀ kí erùpẹ̀ má baà gba àárín yọ. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn ẹ̀kún omi kọ̀ọ̀kan. Bí aṣọ aláwọ̀ ọsàn bá ti yọjú, kò sí ohun tí ẹ ń dúró dè. Ẹ fi àwòrán ibi tí ìbòrí, ọ̀rá àti ògiri abẹ́ ilẹ̀ wà sínú ìwé ilẹ̀ náà lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí ẹni tó máa gbẹ́ ibẹ̀ fún wáyà iná kò ní mọ orúkọ yín. Kí ìwé náà tún dárúkọ ẹni tó máa sanwó iná ẹ̀rọ ìfami, nítorí ọdún tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ yẹn ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ga lẹ́yìn ògiri. Ní ti kànga àyẹ̀wò tí ẹ ò lò mọ́, ẹ fi símẹ́ńtì oníbẹ́ńtónáìtì dí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé sábẹ́ ibi ìgúnlẹ̀ mọ́tò ń gbé epo ojú títì lọ tààrà sínú yanrìn tí ẹ ti ná owó láti fọ̀ mọ́.